Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ní kí n máa tò ó lẹ́sẹẹsẹ, inú á bí mi, màá sì ju fóònù yìí mọ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe bọ̀dá mi ní Àjẹtúnjẹ. Kì í ṣe àwọn ọmọ àdúgbò, kì í ṣe àwọn tísà ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ tó fi owó oṣù rẹ̀ tọ́ ni mo fún un lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Tí bọ̀dá mi bá jẹ iyán lọ́sàn-án, tó jẹ ẹ́ yó, tó fọwọ́, tó fẹ̀yìn ti àga, kó tó tó wákàtí mẹ́ta á tún dìde. Á máa wá oúnjẹ. Á ṣí ìkòkò, á bò ó, á ṣí òmíràn. Òógùn á ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ò mú. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Tó o bá bá a sọ̀rọ̀ ní àsìkò yẹn, á jágbe mọ́ ẹ, òun tí kì í pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Tó bá ti wá rí ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì fi sẹ́nu, kò ní í pẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì máa bẹ̀ wá pé ká má bínú. Lójú tèmi, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Ẹni tó jẹun yó tó tún ń wá oúnjẹ, alájẹkì ni.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ wá kí wa. Màámi gún iyán, wọ́n fi ìṣápá se ẹ̀gúsí, gbogbo wa jẹ títí a fi ń mí hẹlẹ. Ó ṣe díẹ̀, bọ̀dá mi dìde láàárín àlejò, ó wọ kíṣìnnì, a sì ń gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò. Ni mo bá ní, “Ẹ má dá a lóhùn, Àjẹtúnjẹ ni. Ẹ yáa gbé bàtà yín kúrò nílẹ̀ kó má baà jẹ ẹ́.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà jáde wá, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi ọwọ́ kejì di ara ilẹ̀kùn mú. Mo rí ọwọ́ yẹn. Mo rí i pé tó bá fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, á ṣubú. Mo sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Ìgbẹ́mọ la wà nígbà yẹn. Bàbá ń gbin ìrẹsì, ó ń gbin iṣu. Wọ́n ní ó wálé lọ́sàn-án, ó jẹ iyán, ó mú àdá rẹ̀, ó ní òun ń padà sóko, ó sì ṣubú lẹ́bàá oko ìrẹsì. Kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógójì lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun àti àbúrò rẹ̀ ti jà nítorí ààlà ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti sọ pé Bàbá á rí i. Ṣé ẹ mọ̀ bí ẹni tínú ń bí ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú agboolé wa tí kò mọ ẹni tó pa bàbá mi. Ayé ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Màámi kó èmi àti bọ̀dá mi wá sí Adó, wọ́n gba yàrá kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ òkìríkà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àbúrò bàbá mi nínú ilé wa.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gbé nǹkan sínú. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo pàdé ọkùnrin náà ní ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ní Fájuyì. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀. Ó wò mí, ó wo itọ́ náà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wọkọ̀ lọ. Mo délé, mo ń fọ́nnu. Màámi rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá mi dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Bọ̀dá mi ló di bàbá fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun nígbà tí Bàbá kú. Ó ṣiṣẹ́ lébìrà, ó kàwé olùkọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sùkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí. Èmi sì rèé, mo ba ìwé tèmi jẹ́, mo lu ọmọ ọ̀gá sùkúù, wọ́n lé mi. Bọ̀dá mi ò lé mi ní tiẹ̀. Mo jókòó ti fídíò orí fóònù, mo kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, òun ló sì gba ṣọ́ọ̀bù kótópó kan fún mi ní Fájuyì. Mi ò mọ ìwé kọ bí àwọn tó lọ yunifásítì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fò ó.

Lọ́jọ́ kan, ó wà níwájú kíláàsì, ó ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ohun tó ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bíi kòkòrò. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò mọ ibi tó wà. Tísà kan sáré gbé mínírà fún un, ó mu ún, kò pẹ́ ni ojú rẹ̀ là. Tísà yẹn ló sọ pé ó jọ pé ṣúgà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ ilé wa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti ní ṣúgà, ohun kan ṣoṣo ló jẹ́: ó ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ mọ̀ pé ó lè lọ sílẹ̀. Màámi gba ṣúgà kúrò nílé bọ̀dá mi, wọ́n gba mílíìkì, wọ́n gba bisikíìtì ọmọ rẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn lọ, iyán ni kó máa jẹ, torí iyán ò ní ṣúgà. Wọ́n bi wá bóyá ẹnì kan ti fi iyán sẹ́nu rí kó dùn bí oyin. A ní rárá. Ó tán. Ìyàwó bọ̀dá mi ò gún un tó bí wọ́n ṣe fẹ́, nítorí náà Màámi fúnra wọn ń ti Adébáyọ̀ gbé iyán wá nínú kúlà, ó ń gbóná, ó tóbi bí orí ọmọ, lójoojúmọ́. Wọ́n ti ń pe iṣu ní usu láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, kò sí àìsàn tí wọn ò gbà pé usu lè wò. Bọ̀dá mi ń jẹ ẹ́. Ó sì ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òun ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n sin òun lọ sí ọsibítù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mú ìyàwó rẹ̀. Ó mú fóònù kan tí mo ti tú, ó ń wo inú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi ò tíì pé mẹ́rin. Ọdún márùn-ún péré ló kù kí n tó ọjọ́ orí Bàbá. Mo fẹ́ kọjá ibẹ̀. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú bí mi, torí ẹ̀rù bà mí. Báyìí ni tèmi, gbogbo nǹkan ló ń di ìbínú lára mi.

Dókítà obìnrin kan ló rí wa. Kò dàgbà púpọ̀, ó lè ju èmi lọ díẹ̀. Ó ní kí bọ̀dá mi padà wá láìjẹun, kó sì gbé irú oúnjẹ tó máa ń jẹ gan-an dání. A gbé iyán Màámi lọ nínú kúlà. Wọ́n gún un lọ́mọ ìka kó tó jẹun, ó jẹun, wọ́n tún ń gún un lọ́mọ ìka léraléra títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún un, ó wo ẹ̀rọ kékeré náà, ó sì sáré lọ bu nǹkan dídùn fún un. Èmi ń wo bọ̀dá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kọ́ọ̀pù ń kan eyín rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó tì í tí mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fi ṣẹ̀sín.

Dókítà pè wá wọlé. Ó ní, “Tísà, iyán ò dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, àmọ́ tó bá dénú, ṣúgà ló ń dà. Ó ń gun òkè kíákíá nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ara yín á wá ta gìrì, á lé e wálẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Ó ń lé e kọjá ààlà. Òun ló fà á tí ẹ fi ń gbọ̀n.”

Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà, pé kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí a má rò pé gbígbọ̀n yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ó lè jẹ́ pé ara ń bá oúnjẹ jà tipẹ́tipẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ bọ̀dá mi ti ń ru díẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síwájú, pé nínú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ojú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn lè máa dí díẹ̀díẹ̀ láti kékeré láìsí ìrora kankan. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó bèèrè.

“Nínú ẹbí yín, ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó ní àrùn ọkàn, tàbí tó kú lójijì nígbà tí kò tíì darúgbó?”

Bọ̀dá mi wò mí. Ó la ẹnu. Ó ní, “Bàbá wa—”

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Kò sí. Bàbá wa ò ṣàìsàn ọjọ́ kan rí. Wọ́n pa wọ́n ni.”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ta ló pa wọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò kan ọsibítù. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, pẹ̀lú ojú líle. Ó wo bọ̀dá mi. Bọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. Dókítà bá kọ ohun tí mo sọ. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ká ní ó wà ni, òun ì bá darí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ọkàn wò lọ́jọ́ yẹn gan-an, òun ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Níwọ̀n bí kò ti sí, kó kọ́kọ́ tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, kó máa rìn, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ ò ní í gbàgbọ́ pé inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gba bọ̀dá mi lọ́wọ́ ìnáwó àti wàhálà.

Nígbà tí a jáde, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ó wá sọ pé, “Èmi ni mo wà pẹ̀lú Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n di àyà mú kí wọ́n tó ṣubú. Wọ́n ní àyà ń fún àwọn.”

Mo dúró lójú títì. Mo bi í pé kí ló ń gbìyànjú láti sọ, ṣé ó fẹ́ sọ pé ọkùnrin Ìgbẹ́mọ yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni. Mo ní ṣé ohun tó máa sọ fún Màámi nìyẹn lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n kú ni. Ohùn mi ti ròkè, àwọn ọlọ́kadà ń wò wá.

Ó ní, “Ó dáa. Fi sílẹ̀.”

Mo fi sílẹ̀.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ò ní í mọ̀ pé ó ṣàìsàn. Ó dín iyán kù sí ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló ń kọ́kọ́ jẹ kó tó fọwọ́ kan òkèlè. Ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí sùkúù. Màámi bínú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbé kúlà wá, ó ní kí wọ́n gbé e padà, wọ́n sọkún lójú ọ̀nà bíi pé ó lé wọn jáde. Wọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ló kọ́ ọ ní oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n náà lọ. Ó lọ pátápátá. Bọ̀dá mi á wà pẹ̀lú wa láti ọ̀sán di alẹ́ láì ṣí ìkòkò kankan. Màámi náà gbà nígbà tó yá, wọ́n jẹ́rìí nínú ìjọ Àládùúrà tí wọ́n ń lọ, wọ́n jó, wọ́n dojú bolẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn.

Oṣù mẹ́ta pé, ó ní àwọn ọmọ ń ṣèdánwò, òun á lọ tí wọ́n bá parí. Wọ́n parí, ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá wọlé padà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti sọ fún òun pé tí òun bá padà lọ, òun nìkan lòun á lọ, òun ò ní í mú mi dání, kí òun lè sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún dókítà. Kí òun lè sọ ọ́. Èmi ni kò fẹ́ mú dání.

Sátidé ni. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bátìrì fóònù rẹ̀ ti wú. Mo ń tú u lọ́wọ́, ó ní àgbọ̀n ń ro òun, bóyá eyín ni. Mo ní kó lọ yọ ọ́, ó ti darúgbó. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Mo mọ òógùn yẹn. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó tì í ní ọsibítù, mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta nǹkan mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gba mínírà, mo ṣí i, mo gbé e sí i lẹ́nu.

Ó yí orí kúrò. Ó ní, “Kì í ṣe ìyẹn. Èyí yàtọ̀.”

Mo ní, “Mu ún.” Mi ò tiẹ̀ fi “ẹ” sí i. Bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni. “Mu ún, mo ní kó o mu ún.”

Ó mu ún torí mi. Ó mu ún dé ìdajì. Mo gbé àga sí tòsí rẹ̀, mo ń retí kí ṣúgà gòkè. Mò ń wo aago lórí fóònù oníbàárà kan. Mo tiẹ̀ ń bá a ṣeré, mo bi í bóyá ó ti jí iyán jẹ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó fọwọ́ kan rọra tẹ àyà rẹ̀. Kò dá mi lóhùn mọ́. Ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó tì í bẹ́ẹ̀, mò ń ní sùúrù. Ẹ wò ó, gbogbo ayé mi, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ọjọ́ yẹn ni mo ní in.

Nígbà tó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì mi, orí rẹ̀ sáàárín àwọn ìṣó kéékèèké inú fóònù, ìgbà yẹn ni mo tó pariwo. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà dí. Mo sọ̀kalẹ̀, mò ń fi ọwọ́ lu ara mọ́tò tó wà níwájú wa, mò ń ṣépè. A dé ọsibítù, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀. Wọn ò pẹ́ jáde.

Dókítà ọkùnrin tó bá wa sọ̀rọ̀ sọ pé ọkàn ló pa á. Ó ní iṣan kan ló jọ pé ó dí. Ó bèèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa rí. Màámi ti dé nígbà yẹn, wọn ò dé gèlè, wọ́n wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀ rí, pé ayé ni, pé ọwọ́ kan náà tó pa bàbá ló pa ọmọ. Dókítà sì mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà lọ bá dókítà obìnrin yẹn. Mo rò pé á bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo sọ ohun tí bọ̀dá mi sọ fún mi lójú ọ̀nà, bí Bàbá ṣe di àyà mú. Ó pa ojú dé. Mo bi í bóyá bọ̀dá mi ì bá wà láàyè ká ní mo gbẹ́nu dákẹ́. Ó ní, “Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra fún yín.” Ó wá ní kí n jókòó, òun fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ èmi náà. Mo dìde, mo jáde.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín ló bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi. Ilé bọ̀dá mi kún. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ Màámi sọ pé òun ríran, òun rí ọkùnrin kan tó dé fìlà, ó dojú kọ ọ̀nà Ìgbẹ́mọ. Gbogbo wọn ní ó yé àwọn. Àwọn ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn á wá mọ́tò, kí a lọ bá a nílé rẹ̀. Wọ́n ń wò mí, torí wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọkọ̀.

Mo ní kí gbogbo wọn jáde. Mi ò rántí gbogbo ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mo gbé àga kan, mo sì mọ̀ pé ìyàwó bọ̀dá mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé kejì. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, èmi àti Màámi nìkan ló kù ní pálọ̀.

Mo rò ó fún wọn. Àyà tí Bàbá dì mú, ìbéèrè dókítà, bí mo ṣe ní kò sí, mínírà tí mo fipá mú un mu. Mo ní àbúrò Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá Bàbá gbé, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan ni.

Màámi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú wọn ò kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní Bàbá kì í lọ sóko lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán láìdi ẹ̀pà sínú àpò. Ó ní ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n lójú ọ̀nà. Òun náà máa ń làágùn. Wọ́n ní àwọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé iyán àwọn ò dúró nínú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n á tún gún un tóbi sí i lọ́jọ́ kejì.

Ìbínú ru sí mi lórí. Mo ní, “Ẹ mọ̀. Màámi, ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n máa tutọ́ síwájú ẹni ẹlẹ́ni.”

Wọ́n gbé ojú sókè. Wọn ò pariwo.

“Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni,” wọ́n ní, “ta ló gún un? Ta ló gún un fún bàbá rẹ? Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn gbé e wá fún ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́? Jẹ́ kó jẹ́ ayé, ọkọ mi. Jẹ́ kó jẹ́ ayé.”

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, ọwọ́ náà ti le nítorí iyán gígún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí awọ. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ti sọ pé ara kan máa ń gba iyán, ara mìíràn ò gbà á, pé kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n, mo gbìyànjú láti sọ ìyẹn náà, ó dàrú mọ́ mi lẹ́nu.

Wọ́n wá yí ọwọ́ mi padà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ ìka mi.

“Ìwọ ńkọ́?” wọ́n ní. “Ṣé tìrẹ náà máa ń gbọ̀n?”

Rárá ti wà lẹ́nu mi. Ó ti dé ètè. Ó rọrùn láti sọ, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n sùn.

Mo ní, “Ó máa ń gbọ̀n, Màámi. Láti ọdún tó kọjá.”

Wọ́n dìde. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n jáde pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n dúró níwájú dígí, wọ́n ń wé gèlè dúdú tí wọ́n ń fi ṣọ̀fọ̀. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin yẹn. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa sọ ti bàbá mi fún un, látìbẹ̀rẹ̀, kí n má ṣe bá àwọn dá sí i.

Mo ní, “Ọjọ́ Ìsinmi ni lónìí, Màámi. Kò sí níbẹ̀. Ó di ọ̀la.”

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọn ò tú gèlè náà.